Ìlera Alábọ́ọ́dé: Orúkọ àti Ìtàn Rẹ̀

Yorùbá gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ. Ibi tí ọmọ ti kọ́kọ́ ń mọ̀wé, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ń pè é. Ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí aláìsàn kọ́kọ́ dé, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni a sọ ọ́. Ohun tí kò dára jù, tí kò sì burú jù, ni Yorùbá ń pè ní alábọ́ọ́dé. Ìtàn yóò fi hàn wá pé orúkọ náà kò yẹ ẹ́.

Ní ọdún 1957 ni a ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ilé ńlá oníbùsùn 500. Ní ọdún yìí kan náà ni dókítà David Morley, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ tí a bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n sì ń fa ìlà ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá rẹ̀ ń mú lọ sílé. Bí ìlà náà bá ń gòkè, ara ọmọ le. Bí ó bá dúró lójú kan, ewu ń bọ̀, bí ojú ìyá kò tilẹ̀ tí ì rí i. Nọ́ọ̀sì ni ó ń tọ́jú ibà àti ìgbẹ́ gbuuru. Èyí tí apá rẹ̀ kò bá ká ni ó ń fi ránṣẹ́ sí Iléṣà. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ní 1978, ní Alma-Ata, ìlú kan tí ó wà lábẹ́ ìjọba Soviet nígbà náà, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò pé irú ìtọ́jú yìí ni ìpìlẹ̀ ìlera. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, di mínísítà ìlera ní 1985, ó gbé e karí. Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ìlànà ìlera ti 1988 pín iṣẹ́ sí mẹ́ta: ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé di ti ìjọba ìbílẹ̀, jẹ́ńẹ́rà di ti ìpínlẹ̀, ti yunifásítì di ti ìjọba àpapọ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ààrò tí ó ru ẹrù jù ni a fi síkàáwọ́ ẹni tí àpò rẹ̀ fúyẹ́ jù.

Mo rí àbájáde rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ilé ìwòsàn ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Ìyá kan gbé ọmọ oníbà sẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá arúgbó kan jókòó, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti rọ. Dókítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń dúró dè. Mo bi ìyá náà bóyá kò sí ilé ìwòsàn ní àdúgbò rẹ̀.

“Ó wà o, bàbá,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n Panadó lásán kò sí níbẹ̀.”

Ìyá náà kò ṣẹ̀. Bàbá arúgbó yẹn ni ó ń san gbèsè ilé ìwòsàn tí kò ní Panadó. Bí a bá jẹ́ kí ilé kékeré wó, ilé ńlá ni yóò ru àlàpà rẹ̀.

Òfin ìlera ọdún 2014 pàṣẹ pé kí ìdá kan, ó kéré tán, nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ máa lọ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, bí owó náà bá ń dé ibi tí a rán an. Ní tèmi, ìlera àkọ́dé ni ǹ bá sọ ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n kí a tó pa orúkọ dà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kó oògùn síbẹ̀.