Ìbọn tí Ọbabìnrin Victoria yìn

Ẹ súnmọ́ bí, mo ní ìtàn kan.

July 2, 1860, ní pápá Wimbledon, lẹ́bàá London. National Rifle Association ń ṣí ìdíje wọn àkọ́kọ́, Ọbabìnrin Victoria ló sì yin ìbọn àkọ́kọ́. Àmì wà ní 400 yáàdì. Tí a bá to pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta ààbọ̀ tẹ̀léra wọn, ó tó bẹ́ẹ̀. Ọta bà á! Kò tó íǹṣì 2 sí àárín gan-an.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ní áà, màmá yìí mọ ìbọn yìn bí ọdẹ.

Irọ́ o. Màmá ò di ìbọn kankan mú. Okùn sílíkì ni wọ́n fún un, ó fà á, ó parí. Joseph Whitworth, ẹnjiníà tó ṣe ìbọn náà, ti gbé e lé orí irin, ó ti dojú rẹ̀ kọ àmì. Lójú tèmi, Whitworth ló ta á.

Iṣẹ́ yẹn làwọn tó ń lo ìbọn aláwò lónìí ń pè ní zeroing. Wàá gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, wàá yin ọta mẹ́ta sí ojú kan náà. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kó jọ sápá òsì, yí awò díẹ̀díẹ̀, kó o tún yìn. Tí wọ́n bá fọ́n káàkiri ńkọ́? Má tíì fọwọ́ kan awò. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdè rẹ̀ ti tú, tàbí ọwọ́ tìẹ ló ń gbọ̀n.

Èyí tó bá sì gún ní 100 yáàdì, ọta rẹ̀ á ti wálẹ̀ dáadáa kó tó dé 400. Ìdí nìyẹn tí Whitworth fi ní láti dojú tiẹ̀ kọ 400 yẹn gan-an.