Tí ẹ bá ń fi mọ́tò fa caravan ní Ìlú Ọba: òkè wo lẹ lè gùn, èwo ló yẹ kí ẹ yà fún?

Ẹ̀yin tí ẹ ti jápa lọ sí Ìlú Ọba, mo rí i pé ọ̀rọ̀ caravan ti ń wọ̀ yín lára. Owó hòtẹ́ẹ̀lì fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kì í ṣe kékeré, ẹni tó bá sì rí caravan àlòkù tó dáa rà ti bọ́ nínú ìyẹn. Fún ẹni tí kò tíì rí i rí, ilé kékeré onítáyà ni, tí wọ́n ń so mọ́ ìdí mọ́tò. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, òmíràn tilẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó dùn ún wò. Àmọ́ tó bá dé ẹsẹ̀ òkè, ẹrù ni, ọ̀nà tí fóònù yín yàn fún mọ́tò tó ń dá lọ sì lè má jẹ́ ọ̀nà tiyín.

Ẹ jẹ́ ká ti orí pátákó bẹ̀rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ òkè, ẹ máa rí pátákó onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ pupa, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Tó bá jẹ́ 10%, ìtúmọ̀ rẹ̀ ni pé tí ẹ bá lọ síwájú ní mítà 10, ẹ ti gòkè ní mítà 1. Tó bá jẹ́ 25%, mítà 4 péré lẹ máa lọ kí ẹ tó gòkè mítà 1 yẹn. Àwọn pátákó àtijọ́ máa ń kọ ọ́ báyìí: 1:4.

Nọ́ńbà tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí ni 12%. Nílẹ̀ Yúróòpù, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwọ̀n ẹrù tí mọ́tò kan lè fà, òfin ní kí mọ́tò náà, pẹ̀lú ẹrù kíkún lẹ́yìn rẹ̀, lè ti orí ìdúró gbéra lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú 5 lórí òkè 12%. Ohun tó wà nídìí nọ́ńbà tí ẹ rí nínú ìwé mọ́tò yín nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bá yín ṣàdéhùn 20%, ká má tíì sọ 25%.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní mọ́tò yín wọn kílò 1,500, caravan wọn kílò 1,250. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,750. Lórí òkè 10%, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan so nǹkan bíi kílò 275 mọ́ yín lẹ́yìn, tó ń fà yín padà. Lórí 25%, ó ti di bíi kílò 670. Mọ́tò tó ń sáré bọ̀ lè gun òkè náà tí ojú ọ̀nà bá ṣófo. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ kò mọ ìgbà tí ẹni iwájú máa dúró. Tí ẹ bá dúró lórí 25%, tí ẹ tún fẹ́ gbéra, clutch á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè, àwọn ọmọ á máa béèrè pé kí ló dé. Òmíràn tún wà níbẹ̀: táyà iwájú ló ń wọ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké lọ, bẹ́ẹ̀ caravan ń tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀, iwájú á wá fúyẹ́. Tí òjò bá ti rọ̀, táyà á kàn máa yí lójú kan ni.

Òkè tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni Sutton Bank ní North Yorkshire. Ó wà lójú ọ̀nà A170, láti Thirsk lọ sí Helmsley, Pickering àti Scarborough. Ibi tó le jù níbẹ̀ jẹ́ 25%, ó sì ní kọ́nà tó ká bí ìkọ́. Wọ́n ti fòfin de caravan níbẹ̀, ẹ máa gòkè ni o, ẹ máa sọ̀ ni o. Àbúrò kan tó ń gbé ní Darlington tẹ̀ lé fóònù rẹ̀ dé ẹsẹ̀ òkè yẹn lọ́dún tó kọjá. Pátákó ló dá a dúró. Ẹ mọ ohun tó ká a lára jù? Kì í ṣe pé kò lè gòkè, ibi tó máa ti yí caravan padà ni kò rí. Ọ̀nà tí mo sọ fún un pé kó gbà ni A19 lọ sí York, kó bọ́ sí A64 lọ sí Malton, kó wá yà sí A169 wọ Pickering. Ó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó dé láìsí òórùn clutch. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Leeds, A64 yẹn náà ni tiẹ̀, tààrà dé Scarborough.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wá tìtorí èyí gbára lé A169 délẹ̀ o. Tí ẹ bá kọjá Pickering tí ẹ ń lọ sí Whitby, ẹ máa bá Blue Bank pàdé lẹ́bàá Sleights, 20%, ó ń sọ̀ kalẹ̀ wọ abúlé lọ ni. Tó bá jẹ́ Whitby lẹ ń lọ, A171 ni mo fara mọ́, yálà láti Scarborough tàbí láti Guisborough. Òkè wà níbẹ̀ náà, àmọ́ kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sì rí i pé lẹ́tà A iwájú nọ́ńbà ọ̀nà kò ṣèlérí kankan. A170 ni Sutton Bank wà. Porlock Hill ní Somerset, A39 ló wà, 25% lòun náà, pẹ̀lú kọ́nà burúkú.

Ti Porlock yìí dùn mọ́ mi. Ọ̀nà àtẹ̀gùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ti aládàáni, tí ẹ máa sanwó tógéètì kí ẹ tó gbà á. Ó rọra ń gòkè gba inú igbó ni, pátákó sì ń gba àwọn onícaravan nímọ̀ràn pé ibẹ̀ ni kí wọ́n gbà. Ẹni tó bá ti sọ fún fóònù rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ọ̀nà olówó, orí òkè 25% ló máa gbé e lọ. Mo mọ̀ pé ara ọmọ Èkó kì í gba tógéètì, ṣùgbọ́n ti ibí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ san án.

Ní Lake District, Hardknott Pass dé 33%, ọ̀nà rẹ̀ tín-ín-rín, kì í ṣe ibi tí caravan ń dé. Wrynose tó tẹ̀ lé e kò yàtọ̀ púpọ̀. Kirkstone Pass lórí A592 náà, mi ò ní gbà á. Ẹ dúró lórí M6: ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ìyànà 36 tó bá jẹ́ Windermere lẹ ń lọ, ìyànà 40 sí A66 tó bá jẹ́ Keswick. Ní Scotland, ọ̀nà Bealach na Bà tó lọ sí Applecross ti etí òkun gòkè dé mítà 626. Pátákó tó wà nísàlẹ̀ ti kìlọ̀ fún onícaravan. Ọ̀nà etíkun láti Shieldaig ni wọ́n ń gbà dípò rẹ̀, ó gùn, mọ́tò kan ṣoṣo ló sì ń gbà á lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ máa máa yà fún ara yín ní àwọn ibi tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì lè fi caravan rìn padà sẹ́yìn kò tíì tó irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé? Google Maps kò ní ibi tí ẹ ti lè sọ pé ẹ ń fa caravan. Ẹ ra máàpù Ordnance Survey tàbí kí ẹ wò ó lórí fóònù. Ibi tí ẹ bá ti rí ọfà kan lórí títì, òkè ibẹ̀ wà láàárín 14% sí 20%. Ọfà méjì, ó ju 20% lọ. Ìsàlẹ̀ òkè ni ẹnu ọfà ń kọjú sí. Tèmi ni pé ọfà kan, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọfà méjì, ẹ wá ọ̀nà míì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Street View wo kọ́nà ibẹ̀ àti bí títì ṣe fẹ̀ tó. Àwọn tó ni ibi tí ẹ fẹ́ gbé caravan sí náà sábà máa ń kọ bí ẹ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí tiwọn bá ta ko ti fóònù, tiwọn ni kí ẹ gbà gbọ́, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí àwọn tó há. Ẹ wo afẹ́fẹ́ náà. M62 dé mítà 372 láàárín Yorkshire àti Manchester, caravan tó ga tó sì fúyẹ́ á gbọ̀n níbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù ju ìgòkè lọ. Tí ẹ kò bá lè gòkè, ẹ ó dúró, ìtìjú ni. Tí ẹ kò bá lè dúró ní ìsọ̀kalẹ̀, ẹ mọ ibi tí ìyẹn ń já sí. Bíréèkì caravan kò dá ṣiṣẹ́: ìgbà tí mọ́tò bá dẹwọ́, tí caravan wá ń tì í, ni irin tó wà níbi ìsopọ̀ máa wọlé, tí á fa bíréèkì táyà caravan. Tí ẹ bá wá fẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ á gbóná débi tí kò fi ní mú mọ́. Ẹ ti wọ jíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dì yín mú, kí ẹ máa tẹ bíréèkì, kí ẹ sì máa fi í sílẹ̀. Bí caravan bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì bí ìrù ẹja, ẹ má ṣe fi iná sí i, ẹ má tẹ bíréèkì gidigidi, ẹ di sítíárìn mú gún, kí ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná.

Ti òfin ò gùn. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ẹni tó bá ní láísẹ́ǹsì mọ́tò ti Britain lè fa ẹrù tó tó kílò 3,500 láìṣe ìdánwò míì, tí mọ́tò rẹ̀ bá lè fà á. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, oṣù 12 péré lẹ lè fi wakọ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti di olùgbé, wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀, ìdánwò lẹ máa ṣe. Eré caravan kò gbọ́dọ̀ ju máìlì 50 ní wákàtí kan lọ lórí ọ̀nà lásán, 60 lórí ọ̀nà márosẹ̀. Tí ọ̀nà márosẹ̀ bá ní ìlà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ má wọ ìlà ọwọ́ ọ̀tún pátápátá. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jókòó sínú caravan nígbà tó ń rìn, àwọn ọmọ pàápàá. Tí ẹ bá sì rí i nínú dígí pé mọ́tò ti tò gbọọrọ sẹ́yìn yín lórí òkè, ẹ wá ibi tó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ yà, kí wọ́n kọjá, kí ẹ sì jẹ́ kí bíréèkì tutù díẹ̀.