Fájuyì: Ológun Tí Ikú Rẹ̀ Borí Iṣẹ́ Rẹ̀

Ní Adó-Èkìtì, Fájuyì ti di orúkọ àdúgbò tí gbogbo onímọ́tò mọ̀. Títì kan ń jẹ́ orúkọ náà n'Íbàdàn, bárékè ológun tó wà ní Òdogbo ń jẹ́ ẹ, ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ń gbé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀ náà ń jẹ́ ẹ. Ẹ bi àwọn tó ń dárúkọ yìí pé kí ni ọkùnrin náà ṣe, ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn yóò sọ: òun ló bá àlejò rẹ̀ kú. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tó fi ṣe ṣọ́jà kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1926 ni wọ́n bí Francis Adékúnlé Fájuyì ní Adó-Èkìtì. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀gá ló wọlé o. Sájẹ́ǹtì ṣì ni ní 1951 nígbà tí àwọn ọmọ ogun ẹ̀ka rẹ̀ fẹ́ dìtẹ̀ nítorí oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní bárékè; ọ̀tẹ̀ tó ti ìdí ìkòkò bẹ̀rẹ̀ lè parí sí ìdí ìbọn. Fájuyì wà lára àwọn tó pa iná náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní British Empire Medal. Ní 1954, wọ́n rán an lọ sí Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló ti gba oyè ọ̀gá.

Kóńgò ló gbé e ga. Ilẹ̀ náà gba òmìnira ní òpin oṣù Kẹfà 1960. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Moïse Tshombe, olórí ẹkùn Katanga, fi kéde pé ẹkùn náà ti ya kúrò lára Kóńgò. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ ogun lọ, Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira sì dá sí i. Ní 1961, Mejọ Fájuyì ni olórí ọ̀wọ́ kan nínú Bàtálíọ̀nù Kẹrin, ní àríwá Katanga. Àwọn ọ̀tá lúgọ dè wọ́n, ó sì kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yọ. Ìbọn ń dún láti ibi tí ojú kò tó, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì ronú fún gbogbo wọn. Military Cross, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1914 fún àwọn ọ̀gá tó fi ìgboyà hàn lójú ogun, ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni olórí Nàìjíríà nígbà náà.

Lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù Kìíní 1966, ó di gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, ẹkùn tí wàhálà òṣèlú tí wọ́n ń pè ní wẹ́tíẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jó.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, Ọ̀gágun Àgbà Aguiyi-Ironsi, olórí orílẹ̀-èdè, bá àwọn ọba sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn, ó sì sùn sílé gómìnà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ṣọ́jà tí Mejọ Theophilus Danjuma darí ti yí ilé náà ká. Bàtálíọ̀nù Kẹrin, tó ti di ti Ìbàdàn, ni wọ́n ti wá: bàtálíọ̀nù tí Fájuyì bá jagun ní Katanga gan-an. Wọ́n mú òun àti Ironsi, wọ́n sì pa wọ́n nítòsí Lálúpọn.

Ìtàn tó gbilẹ̀ ni pé ó kọ̀ jálẹ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Danjuma ti ta ko ó. Àwọn ṣọ́jà kan láti Àríwá ti ń fura tẹ́lẹ̀ pé Fájuyì mọ̀ nípa ìfipágbàjọba àkọ́kọ́, èyí tó lè jẹ́ ìdí mìíràn tí wọ́n fi mú un. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán, àmọ́ kò yẹ kó gbé Katanga mì. Ẹni tó kó ọmọ ogun yọ lábẹ́ ìbọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò alẹ́ kan n'Íbàdàn kí a tó mọ̀ ọ́n ní akọni.

Oṣù Kìíní 1967 ni ìjọba tó kéde ikú rẹ̀ ní gbangba. Wọ́n sin ín sí Adó-Èkìtì, ewì kan nípa rẹ̀ sì wà nínú ìwé Idanre and Other Poems tí Wole Soyinka tẹ̀ jáde lọ́dún kan náà.