Omi Kan Lábẹ́ Ààlà: Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Ìwé Àṣẹ Kànga Lomé àti ti Aflao Bára Mu

Etí ààlà gan-an ni Lomé wà. Ẹni tó bá wà ní Kodjoviakopé, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló kù kó wọ Aflao ní Gánà. Aṣọ́bodè ń dá èèyàn dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dá omi abẹ́ ilẹ̀ dúró. Yanrìn àti òkúta tó gba omi sínú lábẹ́ etíkun yìí bẹ̀rẹ̀ láti agbègbè Keta ní Gánà, ó la Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ó sì wọ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Òfin tó wà lórí rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Gánà, òfin 1996 ló dá Water Resources Commission sílẹ̀, ìlànà 2001 ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé láti fúnni níwèé àṣẹ. Tógò ṣe òfin omi tirẹ̀ ní oṣù Òkúdù 2010, Bẹ̀nẹ̀ ṣe tirẹ̀ ní oṣù Bélú ọdún kan náà. Èrò mi ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè yọ̀ǹda iye omi tó bá wù ú, kó sì gba iye owó tó bá wù ú. Àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹni tó fẹ́ fa omi, àti òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń gba èsì rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Omi iyọ̀ ni ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ omi ti ń lò tipẹ́ fi hàn pé, fún mítà 1 tí omi dídùn abẹ́ ilẹ̀ bá fi ga ju òkun lọ, nǹkan bí 40 mítà omi dídùn ló wà nísàlẹ̀ ojú òkun, torí omi òkun wúwo díẹ̀ jù ú lọ. Bí a bá fà á títí tó fi lọ sílẹ̀ ní mítà 1 péré, omi iyọ̀ lè gòkè tó 40 mítà bó bá pẹ́. Ní Lomé, níbi tí páìpù TdE, ilé-iṣẹ́ omi Tógò, kò tíì dé gbogbo àdúgbò, ọ̀pọ̀ onílé ló ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tí wọ́n gbé táǹkì sókè, tí wọ́n sì ń ta omi fún aládùúgbò. Kànga kan ṣoṣo kò lè fa iyọ̀ wọlé. Àròpọ̀ wọn ló ń fà á, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ àròpọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní iye tó ṣeé rò pọ̀. Ìlànà Gánà ní kí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò fa ju líta 5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan forúkọ sílẹ̀ lásán. Líta 5 yìí, tí wọ́n bá fi wákàtí 2 fà á lóòjọ́, jẹ́ líta 36,000; tí wọn ò bá pa ẹ̀rọ rárá, ó di 432,000. Bí ìforúkọsílẹ̀ kan bá ń ka bí omi ṣe ń yára jáde, tí èkejì ń ka omi ọjọ́ kan, kò sí akọ̀wé tó lè ro méjèèjì pọ̀.

Àwọn kan á ní ìlànà kan náà á ni tálákà lára. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n Gánà ti dáhùn rẹ̀: ẹni tó ń fi ọwọ́ fa omi kò nílò ìwé àṣẹ. Àtakò tó le jù ni ti àṣẹ orílẹ̀-èdè. Àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n dáadáa; nígbà tí àbá òfin omi dé iwájú Ilé Aṣòfin Nàìjíríà ní 2020, ọ̀pọ̀ ló bínú pé Àbújá fẹ́ gba odò àti ilẹ̀ etí odò. Inú wọn kò bà jẹ́ lórí òfo, nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tó máa ni àṣẹ ni. Fọ́ọ̀mù kan náà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ní àjọ omi 5 lábẹ́ òfin 1972, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìlànà ìwé àṣẹ wọn bára mu ní 2011. Wọn ò torí rẹ̀ pa àjọ kankan rẹ́. Nítòsí wa, àwọn orílẹ̀-èdè odò Senegal fọwọ́ sí ìwé àdéhùn omi ní 2002, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà wọn ló ń pinnu.

Kí wọ́n má tilẹ̀ sọ pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣòro. Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ dá àjọ iná mànàmáná pọ̀ ní 1968, ìsédò Nangbéto lórí odò Mono sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987. Ọdún 2014 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àjọ fún odò náà fúnra rẹ̀. Iná ni wọ́n kọ́kọ́ bára wọn sọ, omi tó ń fún wọn níná dúró fún ọdún 46.

Àìní òṣìṣẹ́ ni àtakò tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọ́fíìsì tí kò lọ́kọ̀ kò lè yẹ gbogbo kànga wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ fọ́ọ̀mù kúkúrú: ibi tí kànga wà, bó ṣe jìn tó, iye líta tó ń fà lóòjọ́, àti bí iyọ̀ inú omi rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Agbẹ́kànga ni kó sì kọ ọ́, kì í ṣe onílé, torí àwọn agbẹ́kànga kò pọ̀ tó onílé, ọwọ́ wọn ni ẹ̀rọ wà, wọ́n sì ń wọn ìjìn kànga kí wọ́n tó gba owó iṣẹ́ wọn. Ibi tí ìwé náà máa wà ló kù. Àjọ odò Volta àti ti Mono ń tẹ̀ lé ibi tí odò gbà ṣàn, omi abẹ́ Lomé àti Aflao kò sì tẹ̀ lé odò kankan. Títí wọ́n á fi rí àjọ tó bá a mu, kí Lomé àti Accra máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síra wọn lọ́dọọdún.