Ewé Akíntọ́lá

Bí ọyẹ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ọ̀pọ̀ òdòdó igbó ti rọ, ìgbà náà ni ewé Akíntọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná, tí oyin àti labalábá ń wọ́ tọ̀ ọ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé àárín irúgbìn igi mẹ̀línà tí wọ́n kó láti Ceylon ni ó bá wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937. Ta ni ó wá fi orúkọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá pè é, ẹni tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ìparí ọdún 1959, tí wọ́n sì pa ní oṣù kìíní ọdún 1966? Lójú tèmi, èébú ni: àlejò tí a kò pè tí ó gba oko olóko. Àwọn mìíràn sì ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Ìhà tí ẹnu bá wà ni.

Àgbẹ̀ kò bá wọn dá sí i. Òun mọ̀ pé ibi tí ewé yìí bá ṣíji bò, èèkan kì í lè gbérí níbẹ̀; ẹni tí ó bá ti fi ọkọ́ wa èèkan rí yóò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Nítorí náà ó ń fi í sílẹ̀ kí ilẹ̀ sinmi, kí ó tó ṣán an. Nígbà tí àdá bù mí lẹ́sẹ̀, ewé kan náà ni wọ́n já, tí wọ́n ra, tí wọ́n fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ mi.