Ìyapa Nínú Ẹgbẹ́ ECOWAS

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ní ọdún 1975 ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ológun gbàjọba ní Niger ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ náà ti ibodè, Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná wọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024, Niger, Mali àti Burkina Faso fi ìbínú kéde ìyapa. Gowon kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Ní oṣù Kejì, ECOWAS mú púpọ̀ nínú ìjìyà Niger kúrò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ti pẹ́ jù: ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde.