Gbígbìn Pẹ̀lú Òṣùpá àti Ìràwọ̀: Bí Ó Ṣe Rí ní Ìkirè àti Àpòmù

Gbígbìn pẹ̀lú òṣùpá ni àṣà kí àgbẹ̀ máa wo ojú ọ̀run kí ó tó mú ọjọ́ tí yóò gbìn, ọjọ́ tí yóò roko àti ọjọ́ tí yóò kórè. Àwọn kan ń wo bí òṣùpá ṣe ń kún àti bí ó ṣe ń dínkù nìkan. Àwọn mìíràn fi àmì ìràwọ̀ méjìlá kún un, wọn a sì bèèrè apá ojú ọ̀run tí òṣùpá wà lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní fóònù lọ́wọ́ ní Ìkirè lónìí lè ka kàlẹ́ńdà rẹ̀. Ìkirè ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù ni ti Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan. Aládùúgbò ni wọ́n, lórí ilẹ̀ tó wà láàrin Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Bí a bá gbé àṣà òṣùpá yìí ka iwájú iṣẹ́ wọn, ohun kan ló ń hàn: òṣùpá ń ka ọjọ́, òjò ló ń dá ọjọ́ ìgbìn.

Ìlànà àṣà náà

Láti ìgbà tí oṣù bá lé títí di ìgbà tí òmíràn yóò lé, ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ ni. Ìlànà tó rọrùn jù ni pé nígbà tí òṣùpá bá ń kún, kí a gbin ohun tó ń so lókè ilẹ̀, bí àgbàdo, ẹ̀wà, ilá àti tòmátì. Nígbà tó bá ń dínkù, kí a gbin ohun tó ń ta sínú ilẹ̀, bí iṣu àti ẹ̀gẹ́. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù ayé àtijọ́, ti kọ ìmọ̀ràn nípa òṣùpá àti iṣẹ́ oko sílẹ̀ láti ọ̀rúndún kìíní. Ní Amẹ́ríkà, ìwé Old Farmer's Almanac, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1792, ṣì ń tẹ ọjọ́ ìgbìn tí wọ́n fi òṣùpá yàn títí di òní.

Ti ìràwọ̀ díjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàrin nǹkan bí ọjọ́ 27 ni òṣùpá ń la àmì méjèèjìlá kọjá, ó sì ń lo ọjọ́ méjì àti díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rudolf Steiner, onímọ̀ èrò ará Austria, sọ̀rọ̀ lórí agbára ojú ọ̀run nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ ní abúlé Koberwitz ní 1924. Maria Thun, obìnrin ará Jámánì, gba ọ̀rọ̀ náà ó sì sọ ọ́ di kàlẹ́ńdà tó ń jáde lọ́dọọdún láti 1963. Ó pín àmì wọ̀nyẹn sí mẹ́rin. Bí òṣùpá bá wà nínú Akọ Màlúù, Wúńdíá tàbí Ewúrẹ́, ọjọ́ gbòǹgbò ni. Alákàn, Àkeekèé àti Ẹja jẹ́ ti ewé. Ìbejì, Òṣùwọ̀n àti Apọnmi jẹ́ ti òdòdó. Àgbò, Kìnnìún àti Tafàtafà jẹ́ ti èso. Bí a bá tẹ̀lé e, ọjọ́ Ẹja ni a ó gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, ọjọ́ Kìnnìún ni ti ata rodo.

Ìṣòro kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó ń polongo rẹ̀ kì í sábà mẹ́nu bà. Láti ìgbà tí àwọn ará àtijọ́ ti sọ àmì méjìlá náà lórúkọ, ìràwọ̀ ojú ọ̀run ti sún kúrò ní àyè tí wọ́n pín fún wọn, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi àmì kan báyìí. Thun ń tẹ̀lé ìràwọ̀ bí ojú ṣe ń rí wọn. Ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà mìíràn ṣì ń tẹ̀lé ìpín àtijọ́. Nítorí náà, ọjọ́ kan náà tí ìwé kan pè ní ọjọ́ gbòǹgbò lè jẹ́ ọjọ́ èso nínú ìwé kejì. Àgbẹ̀ tó bá ra ìwé méjèèjì kò ní mọ èyí tí yóò gbọ́.

Òṣùpá àti ìṣirò ọjọ́ nílẹ̀ Yorùbá

Yorùbá mọ òṣùpá dáadáa. Àwọn àgbà mọ àgùàlà, ìràwọ̀ títàn tí wọ́n ń pè ní ajá òṣùpá nítorí bó ṣe máa ń sún mọ́ ọn. Ojú òṣùpá ni wọ́n ti ń pa àlọ́. Ọdẹ ní tirẹ̀ fẹ́ òkùnkùn, nítorí pé ẹran kì í fẹ́ jáde sí gbangba ní alẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú. Ṣùgbọ́n nínú ètò oko, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ló ń darí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn jù: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ọ̀rúnmìlà, ọjọ́ Ògún, àti Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í lọ oko lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà wọn, orí ìṣirò kan náà sì ni ọjà ọrọọrún dúró lé.

Àpòmù kì í ṣe ìlú kékeré nínú ọ̀rọ̀ ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé jíjí ènìyàn gbé tà ní ọjà yẹn wà lára ohun tó fa ogun Òwu. Fún olóko tó wà ní àyíká irú ọjà bẹ́ẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa ìkórè ni pé ọjọ́ wo ni ọjà ń bọ̀, kí ìdì ẹ̀fọ́ má baà rọ sílé. Ọ̀sẹ̀ méje jẹ́ ọjọ́ 28, oṣù ojú ọ̀run sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ ọjà àti òṣùpá kò lè rìn pọ̀ pẹ́. Ọjọ́ ọjà tó bọ́ sí òṣùpá kíkún lóṣù yìí yóò ti yẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí oṣù mélòó kan tó parí.

Yíyan ọjọ́ rere náà kò ṣàjèjì sí wa. Babaláwo ń dá Ifá. Àáfáà ń tẹ yanrìn, ó sì ń ṣírò ìràwọ̀ ẹni láti inú orúkọ rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ dáwọ́ lé ohun tuntun lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: orí ẹni tó fẹ́ gbìn ni wọ́n ń bèèrè. Ìràwọ̀ tí àáfáà ń wò jẹ́ ti àgbẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀gẹ́. Ti Thun ni pé irúgbìn fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ì báà gbìn ín.

Àwọn Mùsùlùmí ìlú méjèèjì tún mọ ohun kan tí kàlẹ́ńdà òṣùpá lásán kò lè ṣe. Oṣù méjìlá ti òṣùpá jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 354, ó fi ọjọ́ 11 kéré sí ọdún oòrùn. Ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ Rámádánì fi ń yí ká gbogbo ìgbà. Ní ọdún 2000, ìparí oṣù Kọkànlá ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti ń gbẹ. Ní 2017, ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ni, tí àgbàdo ti ń ga lóko. Àgbẹ̀ tó bá so irúgbìn rẹ̀ mọ́ orúkọ oṣù òṣùpá kan yóò rí i pé inú ọyẹ́ ni òun ti ń gbìn kí ogún ọdún tó pé.

Òjò, yanrìn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀

Òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lágbègbè yìí ní oṣù Kẹta, a sì máa rọ̀ títí di oṣù Keje. Yóò dákẹ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Àrọ̀kúrò yóò wá gbà á láti oṣù Kẹsàn-án títí di ìparí oṣù Kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Kọkànlá, lẹ́yìn èyí tí ẹ̀ẹ̀rùn yóò dé pẹ̀lú ọyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń gbin àgbàdo lọ́dún.

Ibi tí ewu wà ni ìbẹ̀rẹ̀. Òjò lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí èsúnsún jáde, kí gbogbo ènìyàn gbé ọkọ́, kí òjò náà sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Irúgbìn tó ti hù yóò gbẹ. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Ilesanmi, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1972, fi ìṣirò wá ojútùú sí i: kí a kó òjò ọdún jọ ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, kí a sì gbà pé àkókò òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àpapọ̀ rẹ̀ bá tó ìdá 7 sí 8 nínú ìdá 100 òjò ọdún náà. Lónìí, àjọ NiMet tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan. Irú ìsọfúnni yìí ni kàlẹ́ńdà ìgbìn tó yẹ Ìkirè gbọ́dọ̀ fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ilẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ, orúkọ Àpòmù sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery ṣe ìwé wọn lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1962, oríṣi ilẹ̀ kan wà tí wọ́n fi orúkọ ìlú yìí pè. Ilẹ̀ Àpòmù jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn tí àgbàrá kó wá sí ẹsẹ̀ òkè. Ó rọrùn láti ro, omi sì ń tètè jò lọ nínú rẹ̀. Inú mi dùn pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ káàkiri ń pe orúkọ yìí, nítorí ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí pọ̀. Ká ní òjò tó múlẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ kejì tí òṣùpá kún. Ìlànà òṣùpá yóò ní kí olóko àgbàdo dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí oṣù tuntun tó lé. Lórí ilẹ̀ amọ̀, ó lè rí ọ̀rinrin díẹ̀ bá níbẹ̀. Lórí yanrìn Àpòmù, bí òjò mìíràn kò bá tẹ̀ lé e, omi ọ̀hún ti lọ. Ìdúró ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló ń ná olóko ní owó, òṣùpá kò sì lè dá a padà fún un.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tún jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ta ni kò mọ dòdò Ìkirè? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá àlà ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, tí àwọn obìnrin ń tà fún arìnrìn-àjò lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bá gbìn lónìí yóò rí nǹkan bí òṣùpá méjìlá kí a tó bẹ́ ẹ. Yóò gba inú gbogbo àmì ìràwọ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó ń pa á lára jù ni ìjì tó ń ṣáájú òjò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àkókò òjò, nígbà tí ìdì èso bá ti wúwo lọ́rùn rẹ̀. Olóko tó gbọ́n ń ka oṣù síwájú láti ọjọ́ ìgbìn kí èso má baà bọ́ sí àsìkò ìjì, ó sì ń fi igi ti èyí tó bá bọ́ síbẹ̀. Kíkà yẹn ni iṣẹ́ gidi tí oṣù ń bá a ṣe. Kòkó kò yàtọ̀: oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ni láti òdòdó sí èso pípọ́n, ìkórè ńlá ń bọ́ sí oṣù Kẹwàá sí Kejìlá, àrùn tó ń sọ èso rẹ̀ di dúdú sì ń le nígbà tí òjò bá pọ̀ jù.

Ojú ọ̀run ibí pàápàá kì í ṣe ti Jámánì. Oòrùn ń gba orí Ìkirè gan-an kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìyàtọ̀ ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò sì tó wákàtí kan. Oṣù tuntun sábà máa ń dùbúlẹ̀ bí igbá níbí. Lọ́dọ̀ Thun, ó ń dúró sí ẹ̀gbẹ́. Òtútù yìnyín ló ń dá àgbẹ̀ ibẹ̀ dúró, omi ló ń dá ti ibí dúró.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Olùwádìí Hartmut Spiess gbin ọkà rye ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Jámánì láti yẹ ọ̀rọ̀ gbígbìn pẹ̀lú òṣùpá wò. Èsì tó tẹ̀ jáde ní 1990 kò ti ìpín mẹ́rin Thun lẹ́yìn. Ní 2020, Mayoral àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sípéènì yẹ ohun tí àwọn ìwé físíìsì àti bàọ́lọ́jì ń sọ wò, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó dájú pé ipò òṣùpá ń yí ìdàgbàsókè irúgbìn oko padà. Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá kíkún kéré sí ti oòrùn ní nǹkan bí ìlọ́po 400,000. Òṣùpá ń fa òkun nítorí pé òkun fẹ̀ láti etí ayé kan dé èkejì; omi inú ebè kan kéré jù kí ìyàtọ̀ ìfà náà tó hàn níbẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a dá òṣùpá lẹ́bi pátápátá. Ní 2015, Rydin àti Bolinder kọ̀wé lórí igi kékeré kan, Ephedra foeminea, tó ń sun oje fún kòkòrò ní àsìkò òṣùpá kíkún. Ó sì ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé iná tí wọ́n fi ń mú kòkòrò lóru kì í kó wọn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kòkòrò àti òṣùpá yẹ fún àyẹ̀wò lóko kòkó àti oko ẹ̀fọ́ wa ju ọ̀rọ̀ Kìnnìún àti Akọ Màlúù lọ.

Ibi kan ṣoṣo ló wà ní Ìkirè àti Àpòmù tí a ti lè dán òṣùpá wò láìsí pé òjò dá sí i: àkùrọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọwọ́ ń bu omi rin ẹ̀fọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni tẹ̀tẹ̀ ń lò kí a tó fà á. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, olóko lè gbin àlà mẹ́rin tó dọ́gba lóṣooṣù, ọ̀kan nígbà tí oṣù bá lé, ọ̀kan nígbà tó bá dé ìdajì, ọ̀kan nígbà tó bá kún, ọ̀kan nígbà tó bá ń parí lọ. Irúgbìn kan náà, ìgbẹ́ adìyẹ ìwọ̀n kan náà, omi ìwọ̀n kan náà, kí àlà máa pààrọ̀ àyè kí ilẹ̀ tó sanra má baà ṣe ojúsàájú. Kí ó wọn ìdì ẹ̀fọ́ tó bá fà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga agbègbè náà lè ṣe é pẹ̀lú òṣùwọ̀n ọjà lásán.